Ohun Tí Àlejò Kì Í Rí Ní Tẹsalóníkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ lo ìsinmi ní Tẹsalóníkà, ìlú ńlá etí òkun tó wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Kò sí òǹkà Bíbélì tí orúkọ ìlú náà ṣàjèjì sí, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kọ ìwé méjì sí.

Bí àlejò bá dé ibẹ̀, etí òkun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń yà sí. Yóò wo Ilé-Ìṣọ́ Funfun tí àwọn ará Tọ́kì kọ́, èyí tí wọ́n ti fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, yóò rí òkè Olympus lódìkejì omi. Wọn yóò sọ fún un pé Cassander, ọba Masedóníà, ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 315 ṣáájú ìbí Kristi, tó sì fi orúkọ aya rẹ̀ pè é. Yóò jẹ ẹja, yóò ya fọ́tò, yóò sì padà sílé pé òun ti rí Tẹsalóníkà.

Ṣé ó rí i lóòótọ́? Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 17, sọ pé inú sínágọ́gù àwọn Júù ni Pọ́ọ̀lù ti wàásù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Júù kúrò ní Sípéènì ní 1492, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sá wá sí ìlú yìí, tó wà lábẹ́ Tọ́kì nígbà náà. Wọ́n pọ̀ débi pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ọjọ́ ìsinmi wọn ni.

Àwọn ọmọ ogun Hitler wọ ìlú náà ní 1941. Ní oṣù Keje ọdún 1942, wọ́n kó àwọn ọkùnrin Júù bí 9,000 jọ sínú oòrùn ní Gbàgede Eleftherias, wọ́n sì fi ìyà jẹ wọ́n. Òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ gbàgede náà! Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó itẹ́ òkú wọn, tí òkúta orí ibojì sì di ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀. Ní 1943, ọkọ̀ ojú irin kó èèyàn tó lé ní 45,000 lọ sí Auschwitz. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà bọ̀.

Orí ilẹ̀ itẹ́ òkú yẹn ni Yunifásítì Aristotle wà lónìí. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbé ohun ìrántí kalẹ̀ fún àwọn òkú náà nínú ọgbà rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí àlejò má gbádùn afẹ́fẹ́ òkun. Ṣùgbọ́n abèèrè kì í ṣìnà. Kó tó jókòó síwájú àwo ẹja, kó bèèrè pé: àwọn wo ló ti ń gbé ibí yìí rí, ibo ni wọ́n sì wà?