Ẹni tó ń gún ẹran wa lábẹ́rẹ́, ta ló ń kọ́ ọ?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn lónìí. Ewúrẹ́ àti adìyẹ ni ìfowópamọ́ ìyá tí kò ní ìwé báǹkì. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé, ewúrẹ́ kan á lọ sọ́jà. Ọjọ́ tí àrùn bá wọ inú agbo, gbogbo owó yẹn ló bá a lọ.

Dókítà ẹran kò pọ̀ ní ìgbèríko. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ la sábà máa ń rí, ọ̀dọ́ tó ń gun alùpùpù kiri abúlé. A kò bú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ tí ẹnìkan gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè tó o títí ayé.

Ẹ wo PPR, àrùn tó ń fa ikun imú, egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru fún ewúrẹ́ àti àgùtàn. Inú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8, ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sí. Bí yìnyín bá yọ́ lójú ọ̀nà, tí oòrùn pa oògùn náà, omi lásán ni wọ́n gún fún ẹran. Ìyá á sanwó, ẹran á ṣì kú, ìyá á ní abẹ́rẹ́ ló pa á. Lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹran rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní, owó dà? Ṣùgbọ́n ní 2011, àgbáyé kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí àwọn Faransé ń pè ní peste bovine ti parẹ́. Níbi tí ọ̀nà kò ti dára, àwọn ará abúlé tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí PPR náà parẹ́ kó tó di 2030. Ta ni yóò bá wa ṣe é níhìn-ín?

Nítorí náà, a bẹ ìjọba pé kí wọ́n máa tún àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí kọ́ lọ́dọọdún, kí àsìkò abẹ́rẹ́ tó dé, ní èdè Yorùbá, kí ọwọ́ wọn fi ṣe é, kì í ṣe ìwé nìkan. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè wà ní Kétu wa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa rí ọ̀nà wọlé síbẹ̀.

Àwa tí a ní ẹran náà, ẹ jẹ́ ká máa béèrè: yìnyín dà? Ṣé abẹ́rẹ́ yìí mọ́? Ọjọ́ mélòó la ó dúró ká tó pa ẹran tó gba oògùn? Kí a sì sanwó iṣẹ́ wọn láìjanpata. Ọ̀bẹ tó mú, bí a kò bá pọ́n ọn mọ́, á kúnu.