Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà ní Ọ̀nà Ọjà

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ ilé, ohun tí ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ìwà ọmọlúwàbí: kí ọmọ mọ bí a ti ń kí àgbà, kí ó má ṣe fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kí ó má sì purọ́. Ìṣirò, ìtàn àti ìmọ̀ nípa ìlú, iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni wọ́n ka ìwọ̀nyí sí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Òbí tí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà, sí oko, tàbí sí ìlú àwọn ẹbí, ti mú un wọ inú kíláàsì. Ohun tí ó kù ni kí òbí náà ya ẹnu rẹ̀ kí ó sì kọ́ ọ.

Ẹ wo ìyá kan tí ó mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ojú ọ̀nà, ọmọ náà béèrè pé, “Ìyá mi, ẹ ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ọjà yìí. Bí a bá ná an lónìí, tí a ó sì tún ná an ní Ọjọ́rú, ṣé kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin ni?” Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò dáhùn pé, “Pa ẹnu rẹ mọ́, kí o sì tẹsẹ̀ mọ́ rìn.” Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbọ́n yóò wí pé, “Ọmọ mi, ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, kí o sì fi ìka rẹ kà á.” Ọmọ náà yóò kà á: Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ó pé márùn-ún! Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé àwọn Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. Ìdí kan náà ni ó fà á tí ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí mẹ́tàdínlógún, fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún bí a bá fi kàlẹ́ńdà wọ̀n ọ́n. Ìmọ̀ ńlá ni èyí, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Bí wọ́n bá dé ìsọ̀, ẹ̀kọ́ mìíràn tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò kí oníṣòwò pé, “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá.” Yóò gbọ́ bí a ti ń ná ọjà láìsí èébú. Bí kóńgò ẹ̀wà kan bá jẹ́ 1,500 náírà, tí ìyá ra mẹ́ta, tí ó sì fi 5,000 náírà sílẹ̀, kí ìyá má ṣe yára gba ṣẹ́ńjì. Kí ó jẹ́ kí ọmọ wí pé 500 náírà ni ó kù. Kí ó fi ìdí kóńgò hàn án pẹ̀lú, nítorí àwọn oníjìbìtì a máa lu ìdí kóńgò wọlé kí ẹ̀wà tí ó gbà lè dín kù. Kí ó sì jẹ́ kí ó rí oníṣòwò rere tí ó fi èènì lé e. Láti inú kóńgò kan ṣoṣo, ọmọ ti kọ́ ìṣirò, ó sì ti kọ́ òdodo.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nípa ìrìn-àjò. Bí bàbá bá ń mú ọmọ rẹ̀ lọ kí ẹbí ní Abẹ́òkúta, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó sùn títí wọn yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Kí ó fi odò Ògùn hàn án. Kí ó mú un dé ìdí Olúmọ, kí ó sì sọ fún un bí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ìlú wọn, àti bí àpáta náà ti di ààbò fún wọn. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ kan àpáta náà kò ní í tún béèrè ìdí tí ìlú náà fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Àwọn àgbà sì wí pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun.

Àwọn kan lè wí pé láti inú ọjà àti oko ni ìjọba ti fa àwọn ọmọdé jáde, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Èé ṣe tí a ó tún fi dá wọn padà síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ní láárí. Ọmọ tí ó ru igbá kiri ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì kò lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìyà ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tí ilé-ìwé kò sí, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí etí rẹ̀ sì là sílẹ̀, kò sí nínú irú èyí.

Àwọn òbí mìíràn a máa ní àwọn kò kàwé, tàbí pé àyè kò sí. Ẹ̀kọ́ yìí kò béèrè pátákó tàbí ẹfun. Ọ̀nà tí wọn yóò rìn tẹ́lẹ̀ náà ni. Ìbéèrè kan tàbí méjì sì ti tó, nítorí bí gbogbo ìṣísẹ̀ bá di ìdánwò, ọmọ yóò sá fún ìrìn náà. Bí òbí kò bá sì mọ ìdáhùn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ó wí pé, “Ọmọ mi, jẹ́ kí a bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.” Abèèrè kì í ṣìnà. Ọmọ tí a ń fi ìbínú pa lẹ́nu mọ́ ní ojú ọ̀nà ni yóò jókòó bí odi ní iwájú olùkọ́ lọ́la, nítorí ó ti kọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìbéèrè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kì í ṣe orí ọmọ ẹ̀yìn nìkan ni ó lè wọ́. Orí ọmọ tí ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú lè wọ́ nípa àìmọ̀. Kí gbogbo òbí tún un ṣe nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń rìn, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò dá nìkan lọ sí ọjà.