Ta ló yẹ kó ra irinṣẹ́ fún àwọn tó ń mòòkùn wa yanrìn?

Bí èèyàn bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ní ojúmọ́, tó sì yíjú sí apá ọ̀sà, yóò rí àwọn ọkọ̀ onígbòkun tí yanrìn kún inú wọn débi pé etí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Púpọ̀ nínú yanrìn yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ ló fà á jáde. Èèyàn bíi tiwa ló mú bọ́kẹ́ẹ̀tì dání, tó di àkàsọ̀ mú, tó sé èémí rẹ̀, tó sì mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà lọ bù ú. Bó bá ti gòkè, wọ́n á gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀, òun náà á sì tún padà sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe é títí ọkọ̀ yóò fi kún.

Àwọn tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ojú ìwé yìí. Àwọn tó ń ra yanrìn náà tà wà ńbẹ̀, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù náà sì wà ńbẹ̀. Bí pákó ọkọ̀ bá jẹrà, kíá la ó ti pe káfíńtà. Bí ìgbòkun bá ya, a ó rán an lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀ lọ bu ọjà wá, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀ ní tirẹ̀, kò tún sí nǹkan míì. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó ra irinṣẹ́ fún un, kó sì kọ owó rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò òwò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ owó ìgbòkun. Ẹni tó ń gba owó òòjọ́ kò lè ti inú rẹ̀ ra á.

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí síbẹ̀ o. Irinṣẹ́ tí kò bá omi mu lè ṣeni ní jàǹbá ju kéèyàn má ní rárá lọ. Omi tí èèyàn fẹ́ wọ̀ ló máa ń sọ irinṣẹ́ tó yẹ kó rà, kì í ṣe àwòrán tó wà lára páálí. Àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ pa ẹja lábẹ́ omi níbi tí òkun ti mọ́ gaara, irú bíi erékùṣù Cape Verde, máa ń ra bàtà rọ́bà gígùn tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n ń ra ìbọn ọ̀kọ̀ tí rọ́bà ń ta jáde, bẹ́líìtì òjé àti aṣọ rọ́bà. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò fún wọn, torí pé wọ́n ń lé ẹja, wọ́n sì ń ríran. Omi ọ̀sà tiwa dúdú, ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá wá ń gbèrò àti máa kó ìbọn ọ̀kọ̀ wọlé wá tà, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé inú omi wo ni oníbàárà òun yóò ti lò ó. Nǹkan eléwu ni pẹ̀lú. Inú omi nìkan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ fa rọ́bà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fà á nínú ọkọ̀ tàbí ní èbúté.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí etí, torí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Bí èèyàn bá lọ sísàlẹ̀ tó mítà 10, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ yóò di ìlọ́po méjì ti òkè omi, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ara rẹ̀ yóò sì sún kì di ìdajì. Àwọn kan á ní ọ̀sà Èkó kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ mítà díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ ti ń sún kì jù lọ, etí sì ti lè máa ro èèyàn kó tó dé mítà méjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á di imú, á rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i kí etí rẹ̀ lè là, á sì máa tún un ṣe bó ti ń lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí tó ń kánjú, awọ etí rẹ̀ lè ya. Bí ọwọ́ kan bá wá di àkàsọ̀, tí èkejì di bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi di imú? Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé okùn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ so ó mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ ṣáájú amòòkùn, kí àwọn tó wà lókè máa fà á sókè bó bá ti kún. Ọwọ́ kan á ti yọ, ẹrù á sì ti kúrò ní èjìká rẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè.

Ẹ má ra nǹkan tí wọ́n ń fi dí etí. Afẹ́fẹ́ tó bá há sí àárín rẹ̀ àti awọ etí kò níbi tí yóò gbà, omi á sì ti nǹkan náà wọnú. Ẹ má sì ra gíláàsì kékeré tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò òtẹ́ẹ̀lì máa ń lò. Ojú nìkan ló bò, kò bo imú, kò sí bí èèyàn ṣe lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Bí amòòkùn bá wọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀, yóò fa ẹyinjú rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi hàn nínú funfun ojú.

Ìbòjú tó bo ojú àti imú pọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Kò ní jẹ́ kí amòòkùn ríran nínú ẹrẹ̀, mi ò ní tan yín jẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé omi ìdọ̀tí kò ní wọ ojú àti imú, ó sì ṣeé di imú láti ìta rẹ̀. Ẹ wo gíláàsì rẹ̀ bóyá wọ́n kọ "tempered" sí i lára, torí pé èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lè fọ́ sí ojú. Ẹ yan èyí tí inú rẹ̀ ò fẹ̀ púpọ̀, kó má baà gba èémí púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ ra onísílíkóònù, torí pé oòrùn kì í tètè bà á jẹ́ bí rọ́bà lásán. Ẹ tún gbọ́dọ̀ dán an wò: ẹ gbé e lé ojú láì fi okùn rẹ̀ kọ́ orí, ẹ fi imú fa atẹ́gùn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì sé èémí. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú láì já bọ́, ó bá ojú yẹn mu nìyẹn. Ìyẹn ni kò fi dáa kéèyàn lọ ra méjìlá pọ̀ torí pé wọ́n fẹ́ dín owó rẹ̀ kù. Ojú kò dọ́gba. Ẹni tó bá sì dá irunmú sí, kó mọ̀ pé omi lè máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ní ti aṣọ, ẹ gbọ́ nípa àwọn obìnrin amòòkùn tí wọ́n ń pè ní haenyeo, ní erékùṣù Jeju ní South Korea, tí àjọ UNESCO fi iṣẹ́ wọn sára ogún àṣà aráyé ní 2016. Wọ́n ń mòòkùn tó mítà 10 láì lo ẹ̀rọ ìmí kankan, wọ́n sì ń sé èémí fún bí ìṣẹ́jú kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ òwú ni wọ́n ń wọ̀ láyé àtijọ́, òtútù kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú omi. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ rọ́bà, wákàtí tí wọ́n ń lò nínú omi sì lọ sókè gidigidi. Ìdí rẹ̀ ni pé omi ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ má wá sáré lọ ra aṣọ rọ́bà tó nípọn o. Omi tiwa lọ́ wọ́ọ́rọ́, oòrùn á sì sè wọ́n lórí ọkọ̀. Aṣọ tín-ín-rín alápá gígùn tó fún mọ́ra ti tó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà tó mọ́ ẹsẹ̀, nítorí àfọ́kù ìgò àti páànù. Ohun míì tí mo fẹ́ràn lára àwọn obìnrin Jeju ni pé olúkúlùkù wọn ló ní nǹkan tó ń léfòó tó lè dì mú sinmi. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tẹ́ ẹ so okùn mọ́ lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Bẹ́líìtì òjé ńkọ́? Mi ò rí ohun tí ẹni tó ń di àkàsọ̀ mú fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tó ń lé ẹja nínú òkun ló nílò rẹ̀, òun náà sì gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kan tú u lẹ́ẹ̀kan, kó sì lè léfòó bó bá mí síta tán.

Ewu kan wà tí irinṣẹ́ kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń mí gùlegùle lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó mòòkùn, wọ́n rò pé àwọn ń kó afẹ́fẹ́ pamọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó máa ń ṣe bí aago, tó ń sọ fún èèyàn pé ó tó àkókò láti gòkè, ni wọ́n ń lé jáde. Aago ò ní dún mọ́, èèyàn á sì dákú nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé òkè omi. Ẹ kìlọ̀ fún wọn. Kẹ́ ẹ sì rí i pé bí ẹnì kan bá wà nísàlẹ̀, ẹnì kan wà lókè tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wò ó lọ, kí àwọn méjèèjì má wọ omi pọ̀. Mo mọ̀ pé owó iṣẹ́ ẹnì kan nìyẹn. Ẹ san án.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àbá wá pé kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ irú tàwọn tó ń lẹ táyà, kẹ́ ẹ sì ta ọ̀pá rẹ̀ sísàlẹ̀ kí amòòkùn lè pẹ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Èéfín olóró àti òróró lè gba inú rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá sì mí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀, tó wá sé èémí gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ́. Àwọn ará Miskito ní orílẹ̀-èdè Honduras, tí wọ́n ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ mòòkùn wá edé ńlá fún àwọn ọlọ́kọ̀, kò rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ, irinṣẹ́ wọn kò sì dára. Ọ̀pọ̀ wọn ló rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn 42 lára wọn dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì, ìjọba Honduras sì gbà pé àwọn jẹ̀bi nítorí wọn kò mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ náà. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn wọn.

Níbí náà, òfin wà. Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san fún àjọ NSITF, kí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lè rí owó gbà. Mélòó nínú àwọn ọlọ́kọ̀ yanrìn ló ti lọ forúkọ sílẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní ẹ̀rọ ńláńlá tó ń fa yanrìn ti ń gba ọjà mọ́ yín lọ́wọ́, pé èrè kò tó nǹkan mọ́. Ẹ ó ní àwọn amòòkùn á gbé ìbòjú náà lọ tà. Ó ṣeé ṣe. Ẹ fún olúkúlùkù ní tirẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ojú tí ẹ fi wọ̀n ọ́n ló wà níbẹ̀, ẹlòmíràn kò ní fẹ́ rà á tán kó máa jò sí i lójú. Ní ti owó, ẹ gbé iye tí ìbòjú, aṣọ, ìbọ̀wọ́ àti bàtà ọ̀hún jẹ́, ẹ pín in sí 250 ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú ọdún, kẹ́ ẹ wá gbé ohun tó kù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tẹ́ ẹ ń ta ọkọ̀ yanrìn kan. Ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta lè fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Okùn àti kẹ́ẹ̀gì ni kó kọ́kọ́ rà.