NÍPA ÌLERA ILÉ: “Ó Ti Lọ”

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá àwa lọ kí bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ife omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń kólòlò. Kí wákàtí kan tó pé, ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Nígbàtí ọmọbìnrin rẹ̀ dárúkọ ilé ìwòsàn, ó ní, “Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ó ti lọ.”

Ṣé lóòótọ́ ni ó ti lọ?

Ní ọdún 1982, Takaaki Kirino, ọ̀mọ̀wé ará Japan, kọ̀wé nípa gerbil, ẹranko kékeré kan tí ó jọ èkúté. A dí iṣan ẹ̀jẹ̀ méjèèjì tí ó wà ní ọrùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 péré, a sì tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọpọlọ. Ní ọjọ́ kejì, bí ènìyàn bá wo apá ọpọlọ tí à ń pè ní hippocampus, èyí tí ìrántí kò lè ṣe aláìní, yóò rò pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì apá kan rẹ̀ ti kú.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ wọ̀nyí? Olúkúlùkù sẹ́ẹ̀lì ní àwọn jíìnì, bí ìwé àṣẹ tí a tò sínú àpótí. Kì í ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó bá nílò ni ó ń dà kọ, ẹ̀dà náà ni ó sì fi ń ṣe prótíìnì. Nígbàtí ẹ̀jẹ̀ bá dúró tí ó sì tún padà, ó ṣí àwọn ìwé tí kì í sábà ṣí. Ọ̀kan ni hsp70, tí prótíìnì rẹ̀ ń tún àwọn prótíìnì tí ó ti bàjẹ́ tò. Ṣùgbọ́n ní apá tí yóò kú yìí, ẹ̀dà pọ̀, prótíìnì kò tó nǹkan. Àwa tí a ti jókòó nídìí tábìlì akọ̀wé mọ irú èyí: ìwé àṣẹ ti jáde, èdìdì wà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mú un ṣe.

Ní ọdún 1990, Kitagawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí a bá ti dí iṣan gerbil fún ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń yè nígbàtí ìṣẹ́jú 5 bá dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fi àìsàn kékeré ṣe ààbò! Gerbil kì í ṣe ènìyàn. Ní ti ènìyàn, irú ohun tí ó ṣe bàbá yìí ni aṣíwájú àrùn rọpárọsẹ̀, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Ọmọ rẹ̀ kò gbà fún un. Ó mú un lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn. Ní àná ó bi wá léèrè ìgbà tí òun yóò dá oògùn náà dúró, nítorí ara òun ti yá. A ní kí ó padà tọ dókítà lọ kí ó tó fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìlò.