Ìbọn Kì Í Fa Apátí Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Apátí ni irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn. Ó yẹ kí aráàlú mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí bí ọta bá pa aláìṣẹ̀, àwáwí tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìbọn ṣèèṣì yìn.

Oríṣi apátí méjì ni ó gbajúmọ̀ lára ìbọn ìléwọ́. Ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: ó ń tú òòlù ìbọn sílẹ̀. Irú èyí ni ìbọn Colt ti ọdún 1873 ní Amẹ́ríkà. Àtàǹpàkò ni a fi ń fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn. Bí òòlù bá ti wà lẹ́yìn, apátí á fúyẹ́, ìka á fà á wẹ́rẹ́. Ti ìkejì ń ṣe iṣẹ́ méjì: fífà kan náà ni ó ń gbé òòlù sẹ́yìn, òun náà ni ó sì ń tú u sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi le, tí ìrìn rẹ̀ sì gùn.

Àwọn kan gbà pé apátí líle ni òògùn ìṣèèṣì. Ìbọn Glock tí ọlọ́pàá New York ń lò ní ọdún 2014 kò ní òòlù lóde, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ wọn ti mú kí apátí rẹ̀ le bíi ti oríṣi kejì nígbà náà, tí ó fi béèrè agbára tí ó tó pọ́ùn 12. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ìbọn ọlọ́pàá kan yìn lórí àtẹ̀gùn ilé kan tí ó ṣókùnkùn ní Brooklyn. Ọta náà ta lára ògiri, ó sì pa ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 28 tí kò mú ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Ọlọ́pàá náà ní ìka òun kò sí lórí apátí. Nígbà tí àwọn ará ìlú tí a yàn láti dá ẹjọ́ náà fi ọwọ́ ara wọn fa apátí ìbọn ọ̀hún, wọ́n rí bí ó ti le tó. Wọ́n dá a lẹ́bi ní ọdún 2016.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Apátí líle lè dín ewu kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìkóra-ẹni-níjàánu. Èkejì, líle rẹ̀ ni ó di ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́.

Nítorí náà, níbikíbi tí aláṣẹ bá ti ní ìbọn ṣèèṣì yìn, ìbáà ṣe Amẹ́ríkà tàbí Nàìjíríà, kí a bi í pé: irú apátí wo ni? Báwo ni ó ti le tó? Níbo ni ìka wà? Òkú kò lè sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n irin kì í purọ́.