Ìsinmi ní Erékùṣù Ẹ̀fúùfù



Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi pé òun àti aya òun, pẹ̀lú ọmọkùnrin àwọn, yóò lo ìsinmi oṣù Keje ní Fuerteventura. Wọ́n fẹ́ kọ́ eré orí omi nì, nínú èyí tí ènìyàn a dúró lórí pátákó, tí a di ìgbòkun mú, tí ẹ̀fúùfù a sì máa gbé e sáré. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó tíì fi ẹsẹ̀ kan pátákó náà rí.

Fuerteventura jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary tí í ṣe ti Sípéènì, nǹkan bí 100 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà. Ẹ̀fúùfù àríwá-ìlà-oòrùn ni ó sábà ń fẹ́ níbẹ̀, ó sì máa ń le jù láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ. Àkókò yìí ni àwọn ọ̀gá máa ń figagbága ní etíkun Sotavento. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ ọ̀gá lè pa akẹ́kọ̀ọ́ lára.

Ní Sotavento, láti ìhà ilẹ̀ ni ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ lọ sí òkun. Nítorí náà omi etídò a tẹ́ pẹrẹsẹ, àlejò a sì rò pé kò séwu. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Bí apá rẹ̀ bá rọ, òkun gbangba ni ẹ̀fúùfù yóò gbé e lọ.

Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n sún un sí oṣù Kẹwàá, nígbà tí ẹ̀fúùfù a rọ̀ díẹ̀. Ó dáhùn pé àwọn ti san owó ọkọ̀ òfuurufú, kò sì ṣeé gbà padà. Mo ní, “Ó dára. Ọ̀sà kan wà lẹ́yìn òkìtì iyanrìn níbẹ̀, tí omi rẹ̀ kò jìn. Ìgbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí ó bá di àrànmọ́jú, ni omi òkun máa ń kún un dáadáa. Ẹ fi èyí yan ọjọ́ yín. Ẹ gba olùkọ́, ẹ wọ ẹ̀wù tí í mú ni léfòó. Bí ẹ̀fúùfù bá sì gbé ẹnikẹ́ni lọ, kí ó má ṣe fi pátákó sílẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ wálé. Pátákó kì í rì. Kí ó jókòó lé e, kí ó máa ju ọwọ́ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.”

Aya rẹ̀ ni ó kọ èsì ìkẹyìn: ọ̀sà nìkan ni àwọn yóò wọ̀, ọjọ́ tí olùkọ́ bá sì wí pé ẹ̀fúùfù le jù, ilé iyanrìn ni àwọn yóò máa kọ́ pẹ̀lú ọmọ.

Ọkàn mi balẹ̀. Owó tí a san kò gbọdọ̀ ti ni sínú omi.