Ta Ni Yóò Tún Ẹnubodè Ààtàn Ṣe?

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 3:1-14, Diutarónómì 23:12-14, Jòhánù 6:5-13

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ pàǹtí ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan. Bí òjò bá ṣú lálẹ́ ní àárín ìgboro Ìbàdàn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kí ni ẹ máa ń rí? Ilẹ̀kùn a máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí gbé garawa jáde, tọ̀hún gbé àpò, wọ́n a dà á sójú àgbàrá, wọ́n a sì yára wọlé. Inú wọn dùn pé òjò ti bá wọn kó o lọ. Òmíràn nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpàdé àdúrà dé ni, Bíbélì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Bóyá èmi àti ìwọ wà lára wọn. Ìbéèrè mi ni pé, ọ̀dọ̀ ta ni àgbàrá náà ń gbé e lọ?

Nígbà tí Nehemáyà padà sí Jerúsálẹ́mù láti tún odi ìlú náà mọ, ó pín iṣẹ́ náà káàkiri. Olórí àlùfáà àti àwọn arákùnrin rẹ̀ mú Ẹnubodè Àgùntàn. Àwọn mìíràn mú ti Ẹja. Ṣùgbọ́n ẹnubodè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní torí rẹ̀ jà: Ẹnubodè Ààtàn, ibi tí wọ́n ń gbà kó ẹ̀gbin ìlú jáde. Ta ni ó tún un ṣe? Kì í ṣe ẹrú, kì í ṣe aláìní. Málíkíjà ọmọ Rékábù ni, ìjòyè tí ń ṣàkóso agbègbè Bẹti-hákérémù. Òun ni ó kọ́ ọ, tí ó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ ró, tí ó sì fi ìdábùú sí i. Nínú orí kan náà ni a ti kà nípa àwọn ọlọ́lá Tékóà tí wọ́n kọ̀ láti tẹrí ba fún iṣẹ́ Olúwa. Ọlọ́run jẹ́ kí a kọ orúkọ ìjòyè tí ó tún ọ̀nà ààtàn ṣe sílẹ̀ títí di òní. Àwọn ọlọ́lá wọ̀nyẹn kò ní orúkọ kankan níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré lójú Ọlọ́run. Nínú ìwé Diutarónómì, Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù ọmọ Ísírẹ́lì mú ohun ìwalẹ̀ dání, kí ó jáde sẹ́yìn ibùdó, kí ó gbẹ́lẹ̀, kí ó sì bo ẹ̀gbin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí tí Ó fi sọ ọ́ ni pé Òun fúnra rẹ̀ ń rìn láàárín ibùdó náà. Bí Ó bá ń rìn ní àdúgbò wa lónìí, ibo ni yóò fi ẹsẹ̀ lé?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Ìsinmi ni, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé èèyàn lọ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tí ó bá a rìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé sí ìlú náà, ó wó afárá, ó sì tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Òjò tí ó rọ̀ jù wà lára ohun tí ó fà á, ilé tí a kọ́ sí etí odò náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí a dà sínú odò àti gọ́tà kò gbẹ́yìn, nítorí omi tí kò rí ọ̀nà gbà yóò gba inú ilé. Kò sì ní bi onílé bóyá òun ni ó da pàǹtí náà. Ẹni tí ó dà á lè wà ní orí òkè, kí ọmọ ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ sì ti ibẹ̀ kú.

Ẹ̀yin ará, èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀nà tí a ń gbà da pàǹtí nù wà lábẹ́ òfin pé kí á fẹ́ ọmọnìkejì wa gẹ́gẹ́ bí ara wa. A ń gbààwẹ̀ kí àrùn má wọlé, a sì ń dí gọ́tà tí omi ìdọ̀tí fi ń ya wọ inú kànga aládùúgbò wa. Bí onígbáméjì bá wá dé, a ó ní ayé ni ó ń ṣe wá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Ṣé a kò dà á nù bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ ni?" Òótọ́ ni. Àkìtàn wà lẹ́yìnkùlé baba wa. Ṣùgbọ́n ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, èèpo iṣu àti eérú ni wọ́n ń dà síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ a jẹrà, a sì di ajílẹ̀. Ọ̀rá tí a fi ń di omi tà lónìí kò mọ bí a ti ń jẹrà. Ọ̀rá tí o sọ nù lónìí lè wà nínú gọ́tà náà nígbà tí ọmọ rẹ bá di bàbá.

Ẹlòmíràn yóò ní ìjọba ni kò ṣe ojúṣe rẹ̀, ọkọ̀ tí ń kó ilẹ̀ kì í wá déédéé, owó tí wọ́n ń gbà sì pọ̀. N kò bá a jiyàn. Agbo ilé wà tí ọkọ̀ kò lè wọ̀ rárá, ó sì yẹ kí àwọn tí a fi ṣe olórí dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ìjọba kò wẹ ọwọ́ tèmi mọ́. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọlé, kí adúgbò fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n dá owó jọ fún ẹni tí yóò máa kó o dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Ìjọ tí ó lè dá owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè dá ti èyí. Nígbà tí a bá sì ń ṣe ìmọ́tótó àyíká, ẹ jẹ́ ká yéé kó ìdọ̀tí inú gọ́tà sí etí gọ́tà. Òjò kan péré ni yóò dá a padà.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé nígbà tí Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin yó, kò sọ àjẹkù nù. Ó ní kí wọ́n kó o jọ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò, agbọ̀n 12 ni ó sì kún. Ẹni tí ó lè sọ búrẹ́dì di púpọ̀ kò fi ẹ̀fọ́rí ṣòfò! Ní Bódìjà, láti àwọn ọdún 1990 ni a ti rí i pé pàǹtí ọjà àti ẹ̀gbin ibi ìpẹran ṣeé sọ di ajílẹ̀ fún oko. Nínú ilé wa náà, a lè ya èèpo iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀ fún ewúrẹ́ aládùúgbò, ká ya ike, ìgò àti agolo sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń rà á. Àpò méjì péré ni ó gbà.

Lákòótán, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún kólẹ̀kódọ̀tí. A máa ń dí imú bí ó bá ń kọjá, a máa ń fi dẹ́rù ba ọmọ pé bí kò bá kàwé, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí. Málíkíjà kò ní bá wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ san owó rẹ̀ lásìkò, ẹ fún un lómi mu, ẹ kí i ní orúkọ rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwà mímọ́ tí a ń gbé lọ sí ilé Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ní alẹ́ tí òjò bá tún ṣú, tí garawa bá wà lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi, rántí ẹni tí ń sùn ní ìsàlẹ̀ odò.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì wá nítorí ibi tí a fi ọwọ́ ara wa rán sí ilé ẹlòmíràn. Fún wa ní ọkàn ìjòyè tí kò ka Ẹnubodè Ààtàn sí iṣẹ́ àbùkù. Ṣọ́ àwọn tí ń gbé etí odò ní àsìkò òjò yìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.